Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà Ìyàwó

Ìtọ̀ ló gbé Èjìdé dìde ní ìdájí ọjọ́ Àlàrùba yẹn. Ká ní ó lè pa á mọ́ra títí ilẹ̀ fi mọ́ ni, kì bá tí rí ohun tó rí, ẹni tí ì bá kú ì bá kú, wọn ì bá sì ní àìsàn ọyẹ́ ló pa á. Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó fa ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀, ó yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì rí Sàláúdéènì ọkọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ràbíátù, ìyàwó kékeré. Ó ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dábùú ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà náà, ètè rẹ̀ ń mì, ohùn kankan kò sì jáde.

Èjìdé sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó nu ọwọ́ mọ́ ara jàlàbíà rẹ̀, ó wọ yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì, kò sì ti ilẹ̀kùn pa tán. Kò pẹ́ ni Ràbíátù jáde pẹ̀lú bútà àlùwàlá lọ́wọ́, Sàídì ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń yán. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kọjá, ó gbé tòsì tẹ̀ lé e, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Sàláúdéènì jáde, ó ṣa ẹyọ ìgbálẹ̀ náà nílẹ̀, ó fi í sínú páálí ìṣáná, ó kì í bọ àpò.

Kí oòrùn tó yọ, ó ti wà lórí ọkọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù rẹ̀, ó kó obì kún inú rẹ̀, ó ń lọ sí Kánò. Ó dágbére fún ìyáálé, ó dágbére fún ìyàwó. "Ọjọ́ méje ni n ó lò, bó pẹ́ tán, ọjọ́ mẹ́jọ," ló wí. Kò wo ojú ìyàwó.

Èjìdé mọ ohun tó rí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ní agboolé bàbá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, wọ́n gbé ọkùnrin kan jáde láti inú yàrá ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n fi ẹní wé e. Wọ́n ní ó ta òkìtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kọ bí àkùkọ, ó sì dákẹ́. Kò sí àgbà tó la ẹnu sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ìyá rẹ̀ nìkan ló fà á létí, tó ní, "Bí o bá délé ọkọ, máa wo ilẹ̀ kí o tó kọjá ẹnu ọ̀nà." Mágùn ni wọ́n ń pè é. Òun náà ni Sàláúdéènì fi lé ìyàwó rẹ̀ lára níṣojú Èjìdé, nínú ọyẹ́ ọdún 1981, nínú agboolé wọn ní Bẹyẹrúnkà.

*

Ràbíátù kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó: Èjìdé ló ní àlè.

Láti ọdún mẹ́rin tí Sàláúdéènì ti fẹ́ ìyàwó kékeré, ojú títì ló ń gbé, bó bá sì wálé, àárẹ̀ rẹ̀ ni ti ìyáálé, ẹ̀rín rẹ̀ ni ti ìyàwó. Bí oúnjẹ bá kan Èjìdé, yóò jẹun, yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò sì máa hanrun di àfẹ̀mọ́júmọ́. Obìnrin ọdún méjìdínlógójì ni Èjìdé, ó dúdú, ó ń dán, ara rẹ̀ ṣì le. Abọ́ tánganran ló ń tà l'Ọ́jà'ba. Lọ́jọ́ kan ó gbé rédíò rẹ̀ tó yadi lọ fún Ọlábọ̀wálé tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Ọkùnrin náà tú rédíò wò, ó wo obìnrin tó gbé e wá, ó ní, "Ṣé rédíò nìkan ló dákẹ́ nílé yín ni, àbí nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀?" Ó yẹ kí Èjìdé bú u. Ẹ̀rín ló rín.

Ẹ mọ ìyókù. Ọ̀sán ni Ọlábọ̀wálé máa ń wá, nígbà tí ọkọ bá wà lọ́nà, tí Ìyá Àgbà, àbúrò bàbá Sàláúdéènì, bá ń sùn, tí Ràbíátù náà bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí tòun tọmọ tí wọ́n ń fi oorun rẹjú. Nínú agboolé yẹn, bàtà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni àlejò, nítorí kò sí ẹni tó ń wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá. Èjìdé ro èyí dáadáa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti sọ fún Ọlábọ̀wálé pé, "Má bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà mi. Bọ́ ọ sí ọ̀hún." Ọ̀hún ni ẹnu ọ̀nà Ràbíátù. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, yóò rò pé ẹ̀gbọ́n ìyàwó ló wá kí i láti Òkè-Àdó. Èjìdé kà á sí ọgbọ́n, ó tiẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà jí lójú oorun lẹ́ẹ̀mejì láti lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó rí sáńdà ọkùnrin lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó ń dúró de ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Nígbà tí Sàláúdéènì dé tó sì gbọ́, ìyáálé ló kọ́kọ́ lọ bá. Ó jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, ohun tí kò ṣe láti bí oṣù mẹ́ta.

"Ìyá Bọ́lánlé, ìwọ lo ń gbé ilé yìí. Ǹjẹ́ o ti rí ọkùnrin kankan tó wọ yàrá Ràbí rí?"

Bọ́lánlé ló sọ sí Èjìdé lọ́kàn. Yìgì Bọ́lánlé, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó ń kọ́ṣẹ́ níbòmíràn, kò ju oṣù kan lọ mọ́. Àwọn àna wọn ní Òkè Bọ́lá kì í fẹ́ gbọ́ àbùkù lára ẹni tí wọn yóò bá tan. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá já, ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

"Èmi kì í wo ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn," ló fèsì.

Kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ òótọ́. Sàláúdéènì mi orí lọ, mi orí bọ̀, ó sì dìde. Lọ́jọ́ kejì ló gba abúlé kan lọ lójú ọ̀nà Ìwó.

*

Ní ọjọ́ kẹta tí mágùn ti wà lára Ràbíátù, Sàídì kọ ọmú.

Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ọmú ni. Ó gbé ẹnu lé e, ó já ẹnu kúrò, ó fi igbe ta bí ẹni tí wọ́n fi ewúro sí lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó àsìkò láti já a náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, adìyẹ ilé kò ṣa àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bó bá da á sílẹ̀, wọn a dúró lókèèrè, wọn a na ọrùn, wọn a máa wò ó. Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà tó máa ń sùn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó ara rẹ̀, ó lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà Èjìdé.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ara Ràbíátù gbóná débi pé omi tó dà sórí ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kán sílẹ̀. Ó gbé ọmọ wá bá Èjìdé, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún ọmọ yìí ní ògì. Ó ní òun ò fẹ́ òórùn mi mọ́."

"Gbé e wá, ìyàwó. Lọ sinmi. Ọyẹ́ ni."

Ó ní ọyẹ́ ni! Èjìdé gba ọmọ, ó ń fi ṣíbí bu ògì sí i lẹ́nu, èrò kan sì wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó jókòó tì í. Bí ọmọdébìnrin yìí bá kú, ọ̀rọ̀ bàtà bá a lọ. Yìgì Bọ́lánlé yóò so. Oúnjẹ tí Sàláúdéènì ń jẹ níbòmíràn yóò padà sí àwo ìyáálé. Kò sí ohun tó yẹ kí Èjìdé ṣe ju kó dákẹ́ lọ, ó sì ti mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Ẹ̀rù ara rẹ̀ bà á gan-an. Ó gbé ọmọ náà kalẹ̀, ó mú ìborùn, ó gba ilé Ìyá Adéníyì lọ, lẹ́yìn Ọjà'ba.

*

Aládùúrà ni Ìyá Adéníyì lọ́jọ́ Àìkú, ó ń wọ aṣọ funfun, kì í wọ bàtà. Láti ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta, lékuléja ni, ó ń ta egbò, èèpo, orí ọ̀bọ gbígbẹ àti ọ̀gà. Kò rí ìjà kankan láàárín méjèèjì. Ọjọ́ Àìkú ni Èjìdé bá a nílé, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń di èèpo igi ní ìdì-ìdì de ọjà ọ̀la.

"Ìyá Adéníyì, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan ló rán mi sí yín."

"Ọ̀rẹ́ yín náà ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le? Ẹ jókòó."

Èjìdé sọ ohun tó rí, ó fi í sẹ́nu ọ̀rẹ́ tí kò sí níbì kankan. Ọwọ́ Ìyá Adéníyì dúró lórí èèpo.

"Òwú ni wọ́n fi dá a ni, àbí ìgbálẹ̀?"

"Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan."

"Ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án nìyẹn. Oòrùn ọjọ́ kẹsàn-án kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a lára rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Mágùn kì í bèèrè, ìyá. Bí ọkùnrin bá bá a sùn, ọkùnrin lọ, obìnrin yè. Bí ọkùnrin kankan kò bá bá a sùn títí ọjọ́ fi pé, obìnrin lọ." Ó na ọwọ́ sábẹ́ ẹní, ó mú nǹkan dúdú kan tí wọ́n fi òwú wé jáde. Ó ń rùn bí irun tó jóná. "Ẹ ju èyí sẹ́nu ọ̀nà ọkọ. Yóò padà tọ ẹni tó rán an lọ. Ibi yòówù kó wà lójú títì, ó máa bá a níbẹ̀."

Èjìdé wo nǹkan náà. Ó rí ọkọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù lórí afárá, ó rí bàbá Bọ́lánlé nínú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo ní kí ọmọdébìnrin náà yè ni. Mi ò ní kí ẹlòmíràn kú."

Ìyá Adéníyì wo ojú rẹ̀ pẹ́. "Ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún gan-an, ṣé ó wà láyé?"

Èjìdé ń ká etí ìborùn rẹ̀.

"Bó bá wà, kó wá gbé ẹrù rẹ̀. Ní ìdájí, kó ró ìró obìnrin tí wọ́n fi í lé lára, kó fi ẹ̀yìn rìn kọjá ẹnu ọ̀nà kan náà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ara rẹ̀ àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣe é. Á kúrò lára ẹni yẹn, á wá sára tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun o. Ibi tó kù sí ni yóò ti máa kà á lọ."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kó lọ bá ẹni tó fi lé e. Ọwọ́ onítọ̀hún ni ìtúsílẹ̀ wà. Kó jẹ́wọ́ fún un." Ìyá Adéníyì padà sórí èèpo rẹ̀. "Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ."

Ojú ọ̀nà ni Èjìdé ti rí ibi tí yóò fara pamọ́ sí. Ọjọ́ méje tàbí mẹ́jọ ni Sàláúdéènì dá. Ọjọ́ Àtàlátà tàbí Àlàrùba ni yóò dé, yóò rí i pé ọkùnrin kankan kò kú, yóò mọ̀ pé wọ́n parọ́ mọ́ ìyàwó òun ni, yóò sì tú u fúnra rẹ̀. Kò ní sí ẹni tó jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó fi ìyẹn tan ara rẹ̀ jẹ fún ọjọ́ méjì.

*

Yẹ̀kínì ló dé lọ́jọ́ Àtàlátà. Awakọ̀ bíi ti Sàláúdéènì ni, gáréèjì kan náà ni wọ́n ń ná. Kò tiẹ̀ jókòó.

"Ìyá Bọ́lánlé, ọkọ yín kí yín. Irin ìdí ọkọ̀ rẹ̀ kán ní Jẹ́bà, ó ń dúró de òmíràn. Ẹ má retí rẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé." Ó họ orí. "Ó tún ní kí n béèrè bóyá nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mo ní bíi kí ni? Ó ní kí n ṣáà béèrè."

"Sọ fún un pé nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀," ni Èjìdé wí. Jímọ̀ ni ọjọ́ kẹwàá.

Ẹ jẹ́ ká fi Bẹyẹrúnkà sílẹ̀ díẹ̀ ká dé Jẹ́bà. Ohun tí Sàláúdéènì fẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà nìyí. Abẹ́ ọkọ̀ ló jókòó sí, eruku bò ó, páálí ìṣáná wà lápò rẹ̀, kò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ń ronú Bàbá Ọládipọ̀, ọdẹ àgbà tó ṣe é fún un ní abúlé ọ̀nà Ìwó. Bàbá náà ti bi í pé, "Ṣé kí n di ẹ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn fún ọ?" Ó ní òun kò fẹ́ ẹ̀rọ̀. Bàbá tún bi í. Inú ń bí i nígbà náà, ó ní bí kò bá pa ọkùnrin, kó pa obìnrin. Bàbá gbọn èjìká, ó ní, "Ìwọ lo ni iṣẹ́."

Ìbínú ti rọlẹ̀ báyìí, ojú Ràbí ló kù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́. Nígbà tó di òwúrọ̀ Àlàrùba, ó fi ọkọ̀ àti ẹrù tó kó bọ̀ láti Kánò síkàáwọ́ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gun ọkọ̀ tó kó màlúù, ó jókòó láàárín ìwo wọn. Kò lọ sílé. Abúlé ọ̀nà Ìwó ló kọjú sí.

*

Èjìdé kò mọ èyí. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkọ òun kò ní dé, àti pé Ràbíátù kò dìde jẹun láti àná. Ní ìdájí Àlàrùba, ọjọ́ kẹjọ, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ìró Ràbíátù wà lórí okùn ní ẹ̀yìnkùlé, ọyẹ́ ti gbẹ ẹ́ kakọ. Èjìdé ró o mọ́ra. Ó ń rùn bí ọmú àti ọṣẹ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bíi pé amọ̀ ló tẹ̀ bọ̀. Ilẹ̀kùn wà ní ìṣísílẹ̀ nítorí ooru ara aláìsàn. Ó gbọ́ èémí ọmọdébìnrin náà nínú òkùnkùn, ó ń fà á bí ẹni tó ń gun òkè Mápó.

"Èmi Èjìdé," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. "Èmi àti Ọlábọ̀wálé."

Ó fi ẹ̀yìn kọjá.

Kò sí ariwo. Nǹkan kan kàn gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè bí omi gbígbóná, ó dé orókún, ó dé ìdí, ó sì dúró síbẹ̀. Ràbíátù mí kanlẹ̀ lórí ẹní, ó yí padà, ó sùn. Ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà Èjìdé dìde, ó wò ó, ó sì rìn kúrò.

Ọ̀sán yẹn ni Sàídì mu ọmú.

*

Ọ̀sán yẹn kan náà ni Ọlábọ̀wálé dé. Ó ti gbọ́ ní Bẹẹrẹ pé ọkọ ṣì wà ní Jẹ́bà. Èjìdé gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe dúró, bó ṣe bọ́ sáńdà ẹsẹ̀ kan, tó bọ́ èkejì. Ẹnu ọ̀nà Ràbíátù ló bọ́ wọn sí. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ fún un, ó ti mọ́ ọn lára. 

"Kí ló ṣe ọ́ lónìí?" Ọlábọ̀wálé ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "O ń dán. Ara rẹ dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ látinú òróró."

Bẹ́ẹ̀ ni mágùn ṣe ń ṣe, a máa pe ọkùnrin. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ sí apá. Ooru tó wà ní ìdí Èjìdé rú sókè pàdé ọwọ́ náà. Kò tíì wu ú tó báyìí rí, èyí ló sì bà á lẹ́rù jù. Ọkùnrin lọ, obìnrin yè. Ìwọ̀nba díẹ̀ péré ni. Kó ṣáà dùbúlẹ̀. Kò ní sí ìjẹ́wọ́, oòrùn ọ̀la yóò wọ̀, yóò sì bá a láàyè.

Ọlábọ̀wálé ń tú kókó ìró rẹ̀.

"Bọ̀wálé, dúró."

"Dúró kí ni?"

"Mágùn wà lára mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó na òrùka idẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i lójú. "Torí ẹ ni mo ṣe ra èyí." Ẹ̀yìn náà ló wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ kúrò lára ìró. Kò béèrè bó ṣe débẹ̀, kò béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Èjìdé. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn títí ó fi dé ilẹ̀kùn, ó kó sáńdà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì sáré jáde lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Èjìdé tún kókó ìró rẹ̀ ta. Ó rò pé òun yóò sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún kò wá.

*

Ọjọ́ Àlàmísì, oòrùn ti ń pọ́n lórí ògiri kí Sàláúdéènì tó wọ agboolé. Eruku sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun, ó ń rùn bí màlúù. Igò kékeré kan wà láyà rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

"Ràbí! Ràbí dà?"

Ràbíátù jáde, ó ti gbéra díẹ̀, ọmọ wà ní ìbàdí rẹ̀. Sàláúdéènì dì í mú lápá, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó da ohun tó wà nínú igò sínú ife, kò kún ife náà dé ìdajì.

"Mu ún. Mu ún kí oòrùn tó wọ̀."

"Kí ni, Bàbá Sàídì?"

"Mágùn ni mo fi lé ọ. Wọ́n ní ọkùnrin ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Mo ṣìṣe, Ràbí, mu ún. Ẹnu ẹnì kan péré ni. Bàbá tó ṣe é ní òun kò lè rí ewé rẹ̀ mọ́ àfi bí òjò bá dé."

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lérí ní ìdí òpó. Ràbíátù gba ife.

Èjìdé wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti ṣètò ohun tí yóò sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, láàárín àwọn méjèèjì. Ní báyìí, Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, àwọn ará ilé ti ń yọjú. Bó bá jáde, kí wọ́n tó kírun àṣálẹ̀, ọ̀rọ̀ náà yóò ti dé Òkè Bọ́lá, wọn yóò sì ní àwọn kò fẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá jáde, ife yóò gbẹ. Ó rí Bọ́lánlé lójú rẹ̀, ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wé òkú. Ó fẹ́ wà láàyè. Ó fẹ́ ẹ gidigidi. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, má mu ún."

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Kò sí lára rẹ mọ́. Ara mi ló wà. Lánàá ní ìdájí ni mo gbà á lára rẹ. Àlejò mi ló ni bàtà tí Ìyá Àgbà rí. Èmi ni mo ní kó máa bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ."

"Èjìdé," ni Sàláúdéènì wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti bí Bọ́lánlé.

Ràbíátù kò wo ọkọ. Ó di ife mú ṣinṣin. "Ìyáálé mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé ó wà lára mi?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tó fi lé ọ. Mo rí i."

"Àlàrùba tó kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà tí Sàídì ń ké. Ìgbà tí mo gbé e wá bá yín, tí ẹ ní ọyẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ Ọlọ́run."

Pípọ́n oòrùn ti kúrò lórí ògiri, ó ku téńté òrùlé. Sàláúdéènì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ràbí, gbé e fún un. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú mọ́. Gbé e fún un, a ó yanjú ìyókù."

"Kí ló máa fi dá mi lójú?" Ràbíátù kò pariwo. "Ẹni tó wò mí níran fún ọjọ́ mẹ́jọ kí n máa kú lọ, òun ló ní ó ti kúrò lára mi. Bó bá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ kí oòrùn wọ̀ bá mi ńkọ́?"

"Ọmọ ti ń mu ọmú rẹ láti àná," ni Èjìdé wí. "Ìwọ náà rí i."

"Ọmọ tí ebi bá pa yóò mu ohunkóhun."

"Mo fi Àlùkùráánì búra, ìyàwó."

"Ẹ̀gbẹ́ mi lẹ ti ń kírun ní gbogbo àárọ̀ ọ̀hún, Ìyáálé mi."

Sàláúdéènì na ọwọ́ sí ife. Ràbíátù fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn, ó wo Èjìdé lójú, ó gbé ife sẹ́nu, ó sì mu ún. Kò kánjú. Wọ́n ń rí ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tó tán, ó da ojú ife délẹ̀ lórí ìkòkò omi, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ yàrá, wọ́n sì gbọ́ nígbà tó fi irin há ilẹ̀kùn.

Sàláúdéènì fara ti ògiri, ó sì ń yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Àgbà fi ìborùn bo ojú. Ní ọ̀nà Mápó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àṣálẹ̀. Èjìdé wò yí ká bóyá ẹnì kan yóò bá òun bu omi. Nígbà tí kò sí ẹni tó mira, ó lọ bù ú fúnra rẹ̀, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ ẹsẹ̀, ó sì yára tẹ́ ẹní, nítorí ó fẹ́ kí ikú bá òun lórí rẹ̀.